Kíláàsì Tó Ń Fi Ọwọ́ Sọ̀rọ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì yìí kì í jẹ́ kí àgbàlagbà gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ohùn tèmi náà kò sì jọ ti àtijọ́ mọ́. Mo ti ń gbọ́ àròyé yín láti ìgbà tí ẹ ti wọlé. Ẹ ní àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ kì í gbọ́ràn. Ẹ ní bí ẹ bá kọjú sí pátákó báyìí, ọjà á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ ní ẹni tó ni ilé-ìwé yín ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọmọ, kò sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe dípò ẹgba. Mo rẹ́rìn-ín o, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rántí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Agége níbí ni mo sì ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ariwo tí ẹ ń sọ yẹn, ọmọ ìkókó ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí èmi bá pàdé.

Ṣé ẹ rí Agége yìí àti Ìkẹjà, ìlú fèrè ni wọ́n nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí olú inú òjò. Èyí ń hun aṣọ, èyí ń ṣe bísíkíìtì, èyí ń ṣe abọ́ tánganran tí wọ́n fi ń di ẹrù ìyàwó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, fèrè kan á ké, òmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ojú ọ̀nà á sì kún fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀. Òórùn bùrẹ́dì gbígbóná á ti gba gbogbo àdúgbò. Kò sí ẹni tó nílò aago. Bí obìnrin bá ní òun á délé kí fèrè ọ̀sán tó ké, gbogbo ayé mọ ìgbà tó ń sọ. Àdúgbò tí wọ́n ti ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà lónìí, tí èèyàn ò ráyè gbẹ́sẹ̀, ilé ìgbé àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ ni, igi máńgòrò ló wà lójúde wọn. Fèrè wọ̀nyẹn ti dákẹ́. Wọ́n ti sọ òmíràn nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ òmíràn di ilé ìkẹ́rùsí. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, etí mi ṣì máa ń retí nǹkan.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni mo ń sọ. Kó tó dìgbà náà, àwọn ọmọ kan ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀, àwọn kan ń lọ lọ́sàn-án, torí kíláàsì kò tó. Ìjọba tuntun ní ó tó gẹ́ẹ́, àárọ̀ ni gbogbo ọmọ yóò máa lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ayọ̀ ńlá ni. Àwọn òbí ń fọ aṣọ ilé-ìwé bí ẹni ń fọ aṣọ Iléyá. Wọ́n wá kọ́ ilé-ìwé wàràwàrà, bí ẹni ń kọ́ ilé adìẹ: ògiri tí kò ga ju èjìká ọmọdé lọ, páànù lórí, kò sí fèrèsé, kò sí ilẹ̀kùn. Bí tíṣà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ní kí àwọn ọmọ tirẹ̀ ka A, B, D, àwọn ọmọ tèmi á bá wọn kà á. Ọmọ tí kò bá rí àga á gbé àpótí ìdáná ìyá rẹ̀ wá. Ewúrẹ́ ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Mo ya àwòrán ènìyàn sórí páálí ńlá lọ́jọ́ kan láti fi kọ́ wọn ní ẹ̀yà ara, kí n tó ti oko ìgbọ̀nsẹ̀ dé, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ láti orí dé orúnkún. Ẹsẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ẹsẹ̀ náà ni mo fi kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn.

Èyí tó wá burú jù ni ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀yìn ilé-ìwé wa gan-an ni ojú irin gbà kọjá. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ilẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì, gbogbo ọmọ á sì rọ́ lọ síbi ògiri láti juwọ́ sí àwọn èrò. Kí n tó kó wọn jókòó padà, ẹ̀kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ jáde ni, mo ti Èkìtì wá, ohùn mi ha láàárín oṣù àkọ́kọ́.

Obìnrin tó wà ní kíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi, Ìyáàfin Fálọlá, ọmọ Oǹdó ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, Màmá la máa ń pè é. N kò gbọ́ kí ó pariwo rí. Láràárọ̀, á dúró síbi tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà, á kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ kó tó wọlé. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá fà ro, ó ti mọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ariwo bá sì ń ga, ohùn tirẹ̀ á máa wálẹ̀ ni, títí àwọn ọmọ á fi máa pa ara wọn lẹ́nu mọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo bi í léèrè oògùn rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹni tó bá ń bá ọmọdé du ariwo, ọmọdé ló máa borí. Wọ́n pọ̀ jù ọ́ lọ, ọ̀fun wọn sì tún jẹ́ tuntun."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tirẹ̀, nǹkan sì ń rọra gún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni apá mi kò ká. Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀, Sìdí ni wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, eyín rẹ̀ ní àlàfo, àmọ́ ohùn tó ń ti ara kékeré yẹn jáde, ẹ ó rò pé ẹni tó ń pe èrò ní gáréèjì ni. Bó bá ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní ṣọ́ọ̀kì," kíláàsì tó wà lọ́nà jíjìn á yíjú wò wá. Kò mọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rárá. Àwọn ọmọ wá sọ ọ́ ní Fèrè. Bó bá ti lanu báyìí, wọ́n á ní, "Fèrè ti ké! Ẹ jẹ́ ká máa lọ síbi iṣẹ́!" Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀ṣẹ́ Sìdí á sì bá ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti gbé e láti kíláàsì kan dé òmíràn bí ẹni ń gbé iná.

Lọ́jọ́ kan ó fi síléètì la orí ọmọ mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Hẹdimásítà wa ránṣẹ́ pè mí. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ẹni tí wọ́n kó gbogbo ọmọ yẹn fún lábẹ́ páànù, bí awakọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já ló rí, ohun tó bá lè gbá mú ló ń gbá mú.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ìparí táàmù tó ń bọ̀ ni mo fún ọmọ yẹn. Bó bá tún jà, kí bàbá rẹ̀ wá mú un lọ. N kò ní tìtorí ẹyọ kan jẹ́ kí agbo tú."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni yóò lọ?"

"Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè tèmi."

Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la mọ ibi tí yóò lọ. Ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ aṣọ. Bí ọmọ yẹn bá fi ilé-ìwé sílẹ̀, ìdí agbada ni yóò dúró sí, ọdún á sì máa gorí ọdún.

Mo lọ bá Màmá Fálọlá, mo ro ẹjọ́ mi. Ó ń pọ́n síbí oúnjẹ rẹ̀ lá lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ṣé o ti dé ilé wọn?"

"Rárá, mà."

"Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ò tíì wolé."

Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé, lọ́sàn-án. Ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn ni, nítòsí ọjà Agége. Láti ìkóríta ni mo ti ń gbọ́ ohùn, mo rò pé ìjà ń lọ. Mo sáré wọ inú ọgbà, kò sí ìjà. Ìyá Sìdí ló ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ ata sí i.

Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó fi ohùn tó lè jí òkú kí mi káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn. Bàbá wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló gba etí wọn."

Bàbá Sìdí dìde láti kí mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkùnrin onísùúrù, fọ́nrán òwú funfun ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. A sọ̀rọ̀, tàbí kí n sọ pé a pariwo díẹ̀, títí ó fi rẹ wá. Ìgbà náà ni mo rí nǹkan. Ó gbé ọwọ́ sókè sí Sìdí, ó yí ìka, ó fi kan àtẹ́lẹwọ́ kejì. Sìdí fi ọwọ́ tirẹ̀ dá a lóhùn, ó wọlé, ó sì gbé omi tútù jáde fún mi. Kò sí ẹni tó lanu. Ìyá rẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé níbi tí wọ́n ti ń hunṣọ, ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ẹnìkejì, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: òwú ti já, pe ọ̀gá wá, mo fẹ́ lọ mumi. Bàbá Sìdí kó èdè náà wálé, ọmọ sì gbọ́ ọ ju ìyá lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ sí ara wọn lójú mi, ọwọ́ ọmọ náà ń fò bí ẹyẹ, ojú rẹ̀ tutù, ó ń rẹ́rìn-ín. Sìdí tí mo rí lọ́jọ́ náà, n kò rí i rí.

Bàbá rẹ̀ wá bi mí, gbogbo ọgbà sì gbọ́: "Tíṣà, ṣé ọmọ mi ń ṣe dáadáa?"

Sìdí wolẹ̀. Mo ní, "Ọmọ yín gbọ́n, Bàbá Sìdí. A máa ṣe é yọrí." Ó fi ọwọ́ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. N kò mọ ohun tó fi kún un, àmọ́ bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ju bó ti yẹ lọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí àwọn yòókù tó dé, mo pe ọmọ náà. "Sìdí, ọkọ̀ ojú irin kì í jẹ́ kí kíláàsì wa gbọ́ra. Ṣé wàá kọ́ wa ní èdè ọwọ́ bàbá ẹ?"

Ó wojú mi dáadáa bóyá mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Gbogbo wa, sà?"

"Títí kan èmi."

Díẹ̀díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé. Ẹ jókòó. Kò yé mi. Mo fẹ́ lọ tọ̀. O ṣe é dáadáa. Èyí tí kò bá sí nínú ti ilé-iṣẹ́, Sìdí á ronú, á dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ bí eré òṣùpá. Èyí tó wú mi lórí jù ni "kò yé mi". Ọmọ tí ojú ń tì láti sọ ọ́ jáde lẹ́nu, á rọra gbé ọwọ́ sókè ní ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi nìkan á rí i, màá lọ bá a níbi tó jókòó. Mo wá mọ̀ pé àwọn kan ti ń bá mi pariwo tẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹ̀kọ́ ò yé wọn ni, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi.

Èmi àti Sìdí tún ní àmì tiwa tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ti ń lọ sókè, màá fọwọ́ kan etí mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Sìdí, a ò sí nílé o." Á rẹ́rìn-ín músẹ́, ohùn á wálẹ̀. N kò bá a wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Orúkọ Fèrè sì kú fúnra rẹ̀. Tíṣà Ọwọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má rò pé oyin ni gbogbo rẹ̀ o. Mo fún wọn ní ìdánwò lọ́jọ́ kan, gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ́lọ́, orí mi wú. Ìgbà tí mo wá ń máàkì, mo rí i pé gbogbo wọn kọ ọ́ pé Agége ni olú-ìlú Nàìjíríà. Ọwọ́ ni wọ́n ti fi sọ ọ́ kiri lábẹ́ tábìlì! Hẹdimásítà gbọ́, wọ́n mú pàṣán wá. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i, Tíṣà? Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́. Ọmọ yẹn ló kọ́ wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n léèrè lákọ̀ọ́kọ́."

Mo kọjú sí àwọn ọmọ, mo ní ohun tí a ṣe yìí kò dára, kí ni ká ṣe? Ẹnìkan ní ká na gbogbo wọn. Ẹnìkan ní ká na Sìdí. Mo ń retí ẹ̀ṣẹ́. Sìdí dìde. Ó di ẹ̀ṣẹ́ lóòótọ́, ó tún tú u. Ó ní, "Nígbà ìdánwò, ká máa gbé ọwọ́ òsì lé orí tábìlì, kí ọ̀tún máa kọ̀wé." Ọmọ kan ní, "Èmi tí mo ń fi òsì kọ̀wé ńkọ́?" Hẹdimásítà gan-an rẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú kí a má bàa rí i. Wọ́n gbé pàṣán wọn, wọ́n lọ. Òfin náà dúró. Òfin tí ọmọdé bá bá wa ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣọ́ ọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Hẹdimásítà wá dúró lẹ́yìn ògiri wa nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá. Kíláàsì yòókù ti dà rú. Tèmi jókòó, mo ń fi ìka béèrè ìṣirò, àwọn ọmọ ń fi ìka dáhùn. Hẹdimásítà wò wá títí ọkọ̀ fi kọjá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ sọ fún gbogbo ilé-ìwé lórí ìlà pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ṣì í ṣe, wọ́n fi ọwọ́ sọ pé àwọn fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ̀rín ọjọ́ náà, mo rò pé páànù á ṣí.

Wọn kò lé Sìdí lọ. Ó parí níbẹ̀, ó wọ ilé-ìwé gíga. Ilé-iṣẹ́ aṣọ wọ̀nyẹn ti kógbá wọlé tipẹ́, Bàbá Sìdí padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Ọmọ yẹn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, Ìbàdàn ló wà. Bó bá pè mí lórí fóònù, mo máa ń gbé e jìnnà sí etí mi.

Àmọ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni ọjọ́ àṣekágbá ọdún náà. A so tapólì, àwọn òbí wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, torí àwọn mìíràn ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí a yàn ni yóò sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ń ṣe. Ó kan Sìdí. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó dé fìlà tuntun. Ọmọ náà bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òwú ṣe ń di aṣọ, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó dùn gbọ́. Hẹdimásítà mi orí sí mi. Inú mi dùn.

Ni mo bá rí Bàbá Sìdí. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó na ọrùn síwájú. Ó tún nà án. Nígbà tó yá ó jókòó padà, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́.

Sìdí rí i. Ó dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Bó bá pariwo, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Bí kò bá pariwo, ẹni tó torí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kò ní gbọ́. Gbogbo ibẹ̀ ń dúró dè é.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó tún ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu ń sọ, ọwọ́ ń sọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ kan nínú kíláàsì mi gbé ọwọ́ sókè, òmíràn gbé e, gbogbo wọn lórí àga wọn ń fi ọwọ́ sọ èyí tí wọ́n bá mọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn òbí ń wò, ẹnikẹ́ni kò húkọ́. Èmi tí mo ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé Agége, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Nígbà tó parí, bàbá rẹ̀ dìde lẹ́yìn yẹn lọ́hùn-ún. Ó gbé ọwọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kúkúrú, ó sì jókòó.

Mo sún mọ́ ọmọ náà. Mo ní, "Sìdí, kí ni bàbá ẹ sọ?"

Ó ní, "Wọ́n ní àwọn gbọ́, sà."